Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: akéde onísíìmù fún ilé 212, àti ọwọ̀ tó di owó

Àdúgbò wa ní Ìbàdàn wà lẹ́bàá odò. Ilé 212 ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́ onílé, èmi sì ni akọ̀wé. Tí ìpàdé bá wà, tí ọjọ́ ìmọ́tótó bá pé, tàbí tí òjò bá ń rọ̀ tí odò ń kún bọ̀, èmi ni wọ́n máa ń wò lójú. Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tàbí tó ti gbọ́ ìtàn Ògùnpa ti 1980 lẹ́nu àwọn àgbà, kò ní bi mí pé kí ló dé tí mo ń da ara mi láàmú.

WhatsApp wà, àmọ́ ilé 90 péré ló wà níbẹ̀. Nínú àwọn tó kù, fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ń lò, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló sì ń gbà. Bàbá Alága bá sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn ní ìpàdé pé, "Akọ̀wé, ìwọ tó mọ kọ̀ǹpútà, ṣé o ò lè ṣe agogo kan fún wa tí gbogbo ilé á gbọ́ ni?" Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí.

Inú ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ ni mo ti yọ ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, láti oṣù Kẹta sí oṣù Keje 2023. Iye owó tí ẹ máa rí, ti ìgbà náà ni.

Ìpele 1: fóònù ara mi

Mo kọ́kọ́ gba ẹ̀bùrú. Mo gbé áàpù kan sórí fóònù Android mi, mo kó gbogbo nọ́ńbà sí i, mo ní kó máa rán an lọ. Nígbà tó dé orí ọgbọ̀n, fóònù dúró, ó ní áàpù yìí ti ń rán àtẹ̀jíṣẹ́ jù, ṣé kí òun gbà fún un? Android fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí áàpù bá ti rán púpọ̀ jù láàárín àkókò díẹ̀, yóò béèrè lọ́wọ́ onífóònù. Mo jókòó tì í, mò ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" ṣáá. Ẹnì kan pè mí láàárín, mo gbàgbé ibi tí mo dé, àwọn ilé kan gbà á lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kan ò gbà á rárá. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo pa á tì.

Mo tún bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àtẹ̀jíṣẹ́ ọlọ́pọ̀. Owó wọn ò burú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sí abẹ́ ìdáàbòbò 2442, èyí tí àjọ NCC gbé jáde ní 2016 láti fi dá ìpolówó dúró, àtẹ̀jíṣẹ́ irú wọn lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wa púpọ̀ ni ọmọ wọn ti bá fi nọ́ńbà wọn síbẹ̀. Èyí náà ò wúlò fún wa.

Ìpele 2: ohun tí mo rà

- SIM800L mẹ́ta, ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki síìmù bọ̀, tó ń rán àtẹ̀jíṣẹ́, ₦5,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan (ẹ máa gbọ́ ohun tó ṣe ọ̀kan)
- LM2596 mẹ́ta, tó ń bá ni sọ iná kalẹ̀, ₦1,300 ọ̀kọ̀ọ̀kan
- capacitor 1000µF méjì, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, ₦150 ọ̀kọ̀ọ̀kan
- CP2102 kan, tó ń so SIM800L mọ́ ojú USB, ₦3,500
- bátìrì fólítì 12 kan, ₦14,000
- síìmù kejì, ₦500

Raspberry Pi 3, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí wọn, ti àbúrò mi ni. Ó ní òun yá mi ni o. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àròpọ̀ owó: ₦38,700. Ẹgbẹ́ fún mi ní ₦30,000, ìyókù ti àpò mi jáde.

Ẹ kíyè sí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G nìkan ni SIM800L mọ̀. Ní Nàìjíríà, 2G ṣì wà níbi gbogbo, kódà òun ni fóònù tọ́ọ̀ṣì ń lò. Ará wa tó bá ń ka èyí ní Amẹ́ríkà kó má wulẹ̀ rà á: AT&T ti pa 2G tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017.

Ìpele 3: iná

Ibí ni mo ti fi ojú rí màbo. Ìwé SIM800L sọ pé fólítì 3.4 sí 4.4 ni kí èèyàn fún un. Èmi, ẹni tó ń kánjú, mo rí 5 lára Pi, mo ní ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Mo so ó. Láàárín ìṣẹ́jú kan, òórùn rẹ̀ gba yàrá. ₦5,500 di èéfín.

Èkejì, mo fi LM2596 sọ iná kalẹ̀, mo fi mítà wò ó: 4.0 gééré. Iná kékeré orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Tó bá ń ṣẹ́jú kíákíá, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ó ti rí i. Ó rí i. Mo yọ̀. Mo ní kó rán àtẹ̀jíṣẹ́ kan, ó kú, ó jí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ẹ̀bi nínú ètò tí mo kọ. Àṣé wáyà ni. Nígbà tí ẹ̀rọ yìí bá ń ké sí máàsìtì, ó lè fa tó áńpù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìṣẹ́jú tó kéré ju ìpajú lọ. Wáyà tín-ín-rín tí mo yọ látinú okùn íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́, tó gùn tó 40 cm, kò lè gbé e. Iná á já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ á kú. Mítà mi ò rí i, torí ó yá ju ojú mítà lọ.

Àtúnṣe: mo gé wáyà sí 8 cm, mo lo èyí tó nípọn, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì jó capacitor 1000µF mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà gan-an, kì í ṣe mọ́ apá ibi tí iná ti ń wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò kú mọ́. SIM800L kọ̀ọ̀kan ló ní LM2596 tirẹ̀. Ẹ má fi méjì sórí ọ̀kan.

Ìpele 4: ibi tí ó jókòó sí

Àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AT ni kọ̀ǹpútà fi ń bá SIM800L sọ̀rọ̀. AT+CSQ máa ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó, láti 0 dé 31. Tó bá sọ 99, kò mọ̀. Nínú pálọ̀, lẹ́yìn irin ojú fèrèsé, lábẹ́ páànù: 8, ìyẹn −97 dBm, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n. Mo gbé e lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo na eriali rẹ̀ síta fèrèsé: 17, ìyẹn −79 dBm. Abọ́ ike áísìkirímù ni mo fi ṣe ilé fún un. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré, òun ló sì rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ìpele 5: "212 ti lọ"

Ètò àkọ́kọ́ tí mo kọ ní Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kò gùn. Ó ń pe AT+CMGS, àṣẹ tó ń rán àtẹ̀jíṣẹ́, á kọ nọ́ńbà, á kọ ọ̀rọ̀, á sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, á bọ́ sí ẹni tó kàn. Ní òpin, ó kọ ọ́ síta fún mi: "212 ti lọ". Mo pe Bàbá Alága pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo? Kò sí nǹkan kan lórí fóònù mi."

Ohun tí mo pa láṣẹ ni mo ń kà, mi ò ka ohun tí ẹ̀rọ dáhùn. Tí máàsìtì bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan, ẹ̀rọ á dáhùn pẹ̀lú +CMGS àti nọ́ńbà kan. Tí kò bá gbà á, á ní +CMS ERROR. Ìdáhùn yìí máa ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, èmi sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn lé e lórí kí ó tó dáhùn. Nígbà tí mo padà wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, 71 ló gbà nínú 212.

Mo yí i padà: ètò ò gbọdọ̀ bọ́ sí ẹni tó kàn títí ìdáhùn á fi dé, tàbí tí ìṣẹ́jú-àáyá 60 bá kọjá.

Ìpele 6: ọwọ̀ tó di owó

Èyí ò kan iná, kò sì kan wáyà. Èdè wa ló kàn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kì í ju báìtì 140 lọ. Tó bá jẹ́ lẹ́tà inú ábídí GSM nìkan ló wà nínú rẹ̀, báìtì 140 yẹn gba lẹ́tà 160. Ábídí náà ní à, è, é, ì, ò àti ù, torí àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún. Kò ní á, kò ní í, kò ní ó, kò ní ú. Ẹ, ọ àti ṣ, kò sí wọn níbẹ̀ rárá. Tí ẹyọ ẹ kan ṣoṣo bá wọ inú ọ̀rọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á yí sí oríṣi kejì, tí wọ́n ń pè ní UCS2, tó jẹ́ pé lẹ́tà 70 ló ń gbà.

Mo gbọ́ èyí, ẹ̀rù owó bà mí: 212 lọ́nà ₦4, owó ojú ìwé àtẹ̀jíṣẹ́ kan, jẹ́ ₦848, tó bá di ojú ìwé méjì á di ₦1,696. Mo bá yọ gbogbo àmì kúrò. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìmọ́tótó nìyí:

Imototo adugbo ni Satide, aago meje. E mu owo wa. Akowe

Ní Sátidé, èèyàn mọ́kàndínlógún ló jáde. Mẹ́rin nínú wọn mú owó dání, wọ́n fẹ́ mọ iye tí a dá. Àwọn tó kù nílé ń sọ pé ẹgbẹ́ tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún fẹ́ gbowó ìmọ́tótó. Ìyá kan ní òun ò lè mú owó wá kí òun tún wá gbálẹ̀, kí ẹgbẹ́ mú ọ̀kan. Ọwọ̀ ni mo ń sọ o! Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àmì yẹn kì bá ná mi ní kọ́bọ̀ kan. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ka ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú àmì:

Ìmọ́tótó àdúgbò ní Sátidé, aago méje. Ẹ mú ọwọ̀ wá. Akọ̀wé

Lójú, 55 ni, pẹ̀lú àlàfo. Nínú ẹ̀rọ, 58 ni, torí ọ́ àti ọ̀ kò ní ẹyọ tiwọn. Ọ jẹ́ ọ̀kan, àmì orí rẹ̀ jẹ́ òmíràn. 58 kò tó 70. Ojú ìwé kan, ₦4.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan máa ń tú gbogbo rẹ̀ ká: à á di a pẹ̀lú àmì, ẹ á di e pẹ̀lú àmì sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí, tí wọ́n bá tú u ká, á di 76. Lójú, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Lápò, ojú ìwé méjì ni, ₦8. Ìlà kan tó ń kó wọn padà pọ̀ ni mo fi tún un ṣe nínú Python: unicodedata.normalize("NFC", oro), kí ètò tó ka lẹ́tà.

Láti fi rán an, mo ní láti pe AT+CSCS="UCS2" àti AT+CSMP=49,167,0,8. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi ń gba ERROR lẹ́yìn ìyẹn, kí n tó mọ̀ pé lábẹ́ ètò yìí, nọ́ńbà fóònù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú: 0 di 0030, 8 di 0038, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ nìkan ni mo ti ń yí.

Mo yá fóònù tọ́ọ̀ṣì márùn-ún láti fi dán an wò. Mẹ́ta gbé gbogbo rẹ̀ jáde dáadáa. Méjì gbé ọ jáde, ṣùgbọ́n àmì tó dá dúró lórí rẹ̀ di àpótí kékeré. Nítorí náà, àmì nìkan kò tó fún wa. Kí n tó rán ohunkóhun báyìí, mo máa ń yọ àmì rẹ̀ kúrò, màá fún ìyàwó mi kà sókè. Tó bá ṣì í kà, mo pa ọ̀rọ̀ náà dà. "Ìgbálẹ̀" ni mo ń kọ báyìí, kì í ṣe "ọwọ̀".

Ìpele 7: ó lọ, ṣé ó dé?

+CMGS túmọ̀ sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gbà á lọ́wọ́ wa. Kò sọ pé ó ti dé fóònù ẹnikẹ́ni. 49 tó wà nínú AT+CSMP lókè yẹn ló ń béèrè fún ìròyìn dídé, AT+CNMI=2,1,0,1,0 ló sì ń jẹ́ kó jáde. Ìròyìn náà á wá pẹ̀lú +CDS. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò: 0, ó ti dé, 32 sókè, wọ́n ṣì ń gbìyànjú, 64 sókè, kò dé.

Àṣìṣe tèmi: nọ́ńbà tí +CMGS fún mi ni mo fi ń mọ ẹni tí ìròyìn jẹ́ tirẹ̀. Báìtì kan ni nọ́ńbà náà, 0 sí 255, lẹ́yìn náà á padà sí 0. Ìpè àkọ́kọ́ 212 lọ dáadáa. Nígbà tí mo tún rán sí àwọn tí kò gbà, a kọjá 255, ìròyìn ilé kan wá ń bọ́ sórí orúkọ ilé mìíràn. Ilé tí fóònù wọn ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá, ètò mi ní ó ti dé. Nísinsìnyí, nọ́ńbà yẹn àti nọ́ńbà fóònù ni mo jọ ń wò.

Ìjàǹbá kejì: Àlàájì kan gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù wọn ti kú láti àárọ̀, kò síná. Èmi ń rán òmíràn, àwọn ti àtẹ̀yìnwá sì ṣì wà lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n ń dúró dè wọ́n. 167 tó wà nínú àṣẹ yẹn túmọ̀ sí pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún wákàtí 24. Mo sọ ọ́ di 11, tó jẹ́ ìṣẹ́jú 60, mo sì ń tún un rán lẹ́yìn ìṣẹ́jú 65. Ti àkọ́kọ́ á ti kú kí èkejì tó lọ. Ó tún dára fún ọ̀rọ̀ òjò: ìkìlọ̀ pé odò ń kún kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ kejì.

Ìpele 8: wọ́n ti síìmù mi

Ní oṣù Karùn-ún, síìmù mi dá iṣẹ́ dúró lórí ilé kẹtàdínláàádọ́fà. +CMS ERROR: 500, ṣáá. Ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ti dì í fún rírán púpọ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣí i. Mi ò lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ẹni tó ń fi síìmù lu jìbìtì náà máa ń rán bẹ́ẹ̀.

Mo pín in sí síìmù méjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, ilé 106 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ó ń parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 18. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á gba iṣẹ́ rẹ̀, á wulẹ̀ pẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 2023, àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí. Ó ní fóònù òun àti ti gbogbo èèyàn inú bọ́ọ̀sì ké lẹ́ẹ̀kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń dán ìkìlọ̀ pàjáwìrì wò. Cell broadcast nìyẹn. Máàsìtì á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ rẹ̀ á gbọ́, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá, kò nílò nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, àpọ̀jù ìpè kì í sì dí i lọ́wọ́. Lẹ́tà 93 ni ojú ìwé kan, ó lè tó ojú ìwé 15. Agogo tí Bàbá Alága ń béèrè gan-an nìyẹn! Ṣùgbọ́n ẹni tó ni máàsìtì nìkan ló lè lù ú, kì í sì í mú ìròyìn dídé padà: o ò ní mọ ẹni tí kò gbọ́. Tèmi ń lọ láti ilé dé ilé bí ọmọ tí a rán níṣẹ́, ó falẹ̀, àmọ́ ó ń padà wá jíṣẹ́.

Bó ṣe rí báyìí

Ìpè tó kẹ́yìn nínú ìwé mi, oṣù Keje, aago mẹ́wàá àárọ̀: 171 dé nígbà àkọ́kọ́, 22 nígbà kejì, 8 nígbà kẹta. Ó ku 11. Kírẹ́díìtì tí a lò lápapọ̀ jẹ́ ₦1,088. Orúkọ àwọn 11 náà á lọ fúnra rẹ̀ sọ́dọ̀ aṣojú òpópónà wọn, aṣojú á lọ kan ilẹ̀kùn. Mo gbìyànjú kí n yọ apá kíkan ilẹ̀kùn yìí kúrò, mi ò rí ọ̀nà rẹ̀.

Ó ku ẹjọ́ kan nílẹ̀. Àlájà ilé kẹrìnlá ní àwọn ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan gbà rí láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ètò mi ní 0, ó ti dé, ní gbogbo ìgbà. Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ọmọ ọmọ wọn ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi fóònù náà ta géèmù ejò. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rìnlélógún wà níbẹ̀, gbogbo wọn lẹ́nì kan ti ṣí. Mo gbé orúkọ Àlájà sórí ìwé aṣojú òpópónà.